Omi ẹ̀jẹ̀ kọ́, oje ẹ̀jẹ̀ ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo rí gbólóhùn tí ẹ̀gbọ́n wa ní ká bá òun yẹ̀ wò nínú ìwé ìlera tí wọ́n ń túmọ̀: "Iye amúaradàgbà inú omi ẹ̀jẹ̀ ló ń fi ìwúwo àrùn kòrónà hàn." Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á díẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ yìí ni mò ń fọwọ́ mú lójoojúmọ́ ní yàrá àyẹ̀wò.

Bí a bá dúńbú ẹran, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú abọ́, kò ní pẹ́ tó fi máa dì bí ẹ̀kọ. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú á wá sun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni omi ẹ̀jẹ̀ lójú tèmi, òun sì ni wọ́n ń pè ní síírọ́ọ̀mù. Pílásímà, tí ìwé náà ń sọ, yàtọ̀. Ìgò onídèérí àwọ̀ àlùkò la sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá yí i tán, hóró pupa á rì sísàlẹ̀, pílásímà á wà lókè bí omíkan lórí ògì, ó sì lé díẹ̀ ní ìdajì ẹ̀jẹ̀. Faibirínójìn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ṣì wà nínú rẹ̀ digbí. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká pè é ní oje ẹ̀jẹ̀. Oje igi náà, bó bá yọ lójú ọgbẹ́, dídì ló ń dì. (Ẹ má fi omi dídì inú fíríìjì bá mi jà o.)

Amúaradàgbà tí wọ́n fi túmọ̀ purotéènì gan-an ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja. Kí dókítà sọ fún ìyá aláìsàn pé "amúaradàgbà kan ti lọ sókè gan-an lára ọmọ yín", ìyá á dúpẹ́, á tún lọ se ẹyin sí i! Bẹ́ẹ̀, CRP (C-reactive protein) ni dókítà ń sọ, purotéènì kan tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí àìsàn bá ń bá ara jà. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, kì í sábà ju mílígíráàmù 10 lọ nínú lítà kan. Bí kòrónà bá le, ó lè kọjá 100. Álíbúmìn, purotéènì mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, ní tirẹ̀ á máa wálẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ tó ń ṣe méjèèjì á dín tirẹ̀ kù, òpó ẹ̀jẹ̀ á sì máa jò ó síta. Ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀, àìsàn kan náà. "Iye" lásán wá sọ kí ni? Ẹ jẹ́ ká fi purotéènì sílẹ̀ bó ṣe wà. Òyìnbó pàápàá, ara kòkòrò òtútù àyà ni wọ́n ti rí "C" inú CRP lọ́dún 1930. Kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Ìwúwo" dà bí ẹni gbé fáírọ́ọ̀sì sórí òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì lè pọ̀ lára ẹni tí kò tilẹ̀ wúkọ́.

Bó bá jẹ́ èmi ni: "Bí CRP bá ń gòkè nínú oje ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kòrónà ń ṣe, tí álíbúmìn sì ń wálẹ̀, àìsàn náà ti ń le nìyẹn."

Òpó ẹ̀jẹ̀ tí mo lò lókè yẹn, mo mọ̀ pé iṣan lẹ máa fẹ́. Mo ń gbọ́.