Ìdáhùn: Kí ni ká máa pe ìyẹ̀fun písà tí a ti pò?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín o.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá wa tó wà ní Peckham, ní London, dá sílẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Wọ́n ń kọ bí a ṣe ń ṣe písà nílé, ní Yorùbá, kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn lè máa kà á bí wọ́n bá ń se oúnjẹ alẹ́, wọ́n wá béèrè orúkọ tí a ń pe fúláwà tí a ti fi omi pò, tó ń dúró kó wú kí a tó tẹ́ ẹ. Orúkọ mẹ́rin ló ti jáde: àpò, másà, ọkà písà àti ìyẹ̀fun pípò. Ẹ jẹ́ n dá tèmi sí i, nítorí ó jọ pé ibi tí ìjà wà gan-an kọ́ ni a ti ń jà.

Kí á kọ́kọ́ gbé àpò kúrò nílẹ̀. Ẹni tó mú un wá mọ gírámà; bí a ṣe fi à- ṣáájú ṣẹ tó di àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ló fi ṣáájú pò. Àmọ́ àpò tí a ń kó owó sí, tí wọ́n sì ń kó fúláwà sí pẹ̀lú, kò yàtọ̀ sí i ní ohùn rárá. Ẹ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé kó gbé àpò wá sórí tábìlì, kí ẹ wá wo ohun tí yóò gbé dé.

Másà wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wa tó ń gbé Salvador, ní Bàhíà. Massa ni àwọn ará Brazil ń pè é, ìbáà ṣe ti písà tàbí ti búrẹ́dì. Ó ní bí wọ́n ṣe gba àkàrà lọ́wọ́ wa tí wọ́n sọ ọ́ di acarajé, ó yẹ kí àwa náà gba nǹkan kan padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, kò kàn ṣeé lò ni. Màsà wà lọ́jà wa tẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn Hausa ń fi ìrẹsì dín, tí àwọn kan ń pè ní wáínà. Ohùn yà wọ́n sọ́tọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù?

Ọkà písà ló mú mi ronú jù. Ará Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ló dá a lábàá. Ó ní nínú Faransé tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, pâte ni èyí tí a fi àgbàdo rò tí a ń fi ọbẹ̀ jẹ, pâte náà sì ni èyí tí oníbúrẹ́dì ń pò, kí ló wá dé tí àwa ò lè fi ọkà ṣe bẹ́ẹ̀? Èsì mi ni pé èdè wa ti la ààlà síbẹ̀, iná ni ààlà ọ̀hún. Iyán, a gún un. Ọkà, a rò ó. Ẹ̀bà, a tẹ̀ ẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bá iná tàbí omi gbígbóná pàdé kí wọ́n tó jẹ́ orúkọ yẹn, oúnjẹ sì ni wọ́n. Ohun tí a pò tí a kò tíì yan kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ pè é ní ọkà, kí ẹ wo bí baba àgbà yóò ṣe máa wá ọbẹ̀.

Ó ku ìyẹ̀fun pípò. Òun ni mo dìbò fún, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dá a. Alámọ̀ ń po amọ̀, ẹni tó ń mọ ilé ń po ẹrẹ̀: omi wọ inú ohun gbígbẹ, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì di ohun tí a lè mọ bí a bá ṣe fẹ́. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, lo pò yìí nínú Ẹ́kísódù orí 12, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti gbé ìyẹ̀fun pípò wọn lé èjìká kó tó wú, torí wọ́n ní kí wọ́n tètè kúrò ní Íjíbítì. (Ẹ ò rí i pé èyí tí kò ráyè dúró kì í ṣe nǹkan òde òní.) Inú Bíbélì náà ni ìṣù wà, ìṣù àkàrà márùn-ún tí ọmọkùnrin kan gbé wá. Tí a bá pín ìyẹ̀fun pípò sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a ṣù wọ́n roboto kí a tó tẹ́ wọn, ìṣù ni kí á máa pè wọ́n. Ẹ má fi ohùn iṣu pè é o.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò lè ba písà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó lè bà á jẹ́ wà nínú ohun tí ìyá wa kọ, a sì fò ó. Wọ́n ní: fúláwà 500 gíráàmù, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ 325 mìlílítà, ìwúkàrà ṣíbí ìmutíì méjì, iyọ̀ ṣíbí ìmutíì kan ààbọ̀, òróró ṣíbí ìjẹun kan, kí á pò ó títí yóò fi dán, kí á bò ó, kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí á wá tẹ́ ẹ, kí á yan án nínú ààrò tó gbóná dé 250°C. Kò sí àbùkù nínú rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ìwúkàrà? Ṣé yíìsì ni àbí béékìn páúdà?"

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí á ti máa dáhùn. Ọ̀gá olùkọ́ wa ní Ọ̀yọ́ ti ní kí á má lo ọ̀rọ̀ náà ìwúkàrà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìdí mìíràn ni wọ́n fún wa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìwàásù ni, ó ti mọ́ etí wa pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àwọn Farisí, àti pé àkàrà tiwa, ti ẹ̀wà, kì í lo yíìsì. Mo tọrọ gáfárà, n kò gbà. Wú ni olórí ọ̀rọ̀ náà, àkàrà sì ń wú: lílù tí a ń lu ẹ̀wà lílọ̀ ló ń fi afẹ́fẹ́ sí i lára, òun ló fi ń fúyẹ́ nínú epo. Ohun tí mo rí sí ìwúkàrà ni pé ó gbòòrò jù. Ó sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, kò sọ irú ohun tó jẹ́, ohun méjì tí ìṣe wọn kò jọra rárá ló sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Yíìsì ní ẹ̀mí. Ó ń jẹ ṣúgà tó wà nínú fúláwà, ó ń mí afẹ́fẹ́ jáde, fífà tí ìyẹ̀fun pípò ń fà sì ń sé afẹ́fẹ́ náà mọ́ inú. Nítorí náà ni láfún kò fi lè di písà, bó ti wù kí a pò ó tó, torí kò ní ohun tó ń fà yẹn. Nítorí ẹ̀mí yìí náà ni omi fi gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́; omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó yóò pa á. Ó sì gbọ́dọ̀ dúró. Béékìn páúdà kò lẹ́mìí. Gbàrà tí omi bá kàn án ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bí ẹ bá dá a dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, apá kan nínú agbára rẹ̀ á ti lọ kí ó tó dé ààrò. Ṣíbí méjì kò sì tó fún 500 gíráàmù. Ó máa ń tó bíi mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìwúkàrà, tó bu béékìn páúdà, tó sì dúró bí wọ́n ṣe ní kó dúró, ohun tó le koránkorán ni yóò jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, yóò sì sọ pé Yorùbá kò ṣeé fi kọ ìwé oúnjẹ.

Àbá mi nìyí. Kí ìwúkàrà jẹ́ orúkọ ìdílé, tí yóò kó méjèèjì pọ̀. Nínú ìwé oúnjẹ, kí á kọ yíìsì, kí á kọ béékìn páúdà, bí ẹni tó ń tajà ṣe ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò lè kọ ìwúkàrà ẹlẹ́mìí àti ìwúkàrà aláìlẹ́mìí nínú ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, yóò dára níbẹ̀. Ẹ rántí ayárabíàṣá: rédíò ń pè é, olùkọ́ ń pè é, kọ̀ǹpútà la sì ń gbé lọ tún ṣe.

Lórí kíákíá tí ẹnìkan fẹ́ fi kún un: ìyẹ̀fun pípò kíákíá, ṣé pípò ló yá ni àbí dídúró? Pípò kò gbọ́dọ̀ yá. Dídúró la gé kúrú. Ní Naples, ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe písà ti wọ àkójọ àṣà ìbílẹ̀ àjọ UNESCO ní 2017, ọ̀pọ̀ wákàtí ni ìyẹ̀fun náà fi ń dúró. Mo wá rò ó pé kí á pe tiwa ní ìyẹ̀fun ojú ẹsẹ̀, kí á sì pe èyí tó sùn nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì ní ìyẹ̀fun amọ́jú. Ó dùn, àwọn ìyá yóò lóye rẹ̀ láìsí àlàyé. Amọ́jú a sì máa dùn lẹ́nu ju ojú ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí po ìyẹ̀fun lálẹ́ ọjọ́ Àìkú nítorí oúnjẹ ọjọ́ Ajé?

Ó ku ohun kan tí n kò rí yanjú. Ibi tó yí písà ká, tó wú jù, tí àwọn ọmọ máa ń fi sílẹ̀ nínú àwo, etí ni mo ń pè é, bí etí aṣọ. Àbúrò mi ní èèpo ni, bí a ṣe ń sọ pé èèpo búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n èèpo wà lábẹ́ písà náà pẹ̀lú, etí nìkan kọ́. Kí ni ẹ̀yin ń pè é nílé yín?