PhD lórí ẹ̀rọ fáwọn ọmọ ọ́tísìmù tí ò lè fẹnu sọ̀rọ̀, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. PhD kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ ṣe áàpù fáwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù tí ò lè fẹnu sọ̀rọ̀, kọ́mọ tẹ àwòrán kí táblẹ́ẹ̀tì bá a sọ ọ́ ní Yorùbá. Súpáfáísọ̀ mi wá ní kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀, pé irú ẹ̀ ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì látìgbà tí áàpù Proloquo2Go ti jáde ní 2009. Ṣé kí n ṣáà kọ áàpù yẹn ná ni àbí kí n kọ́kọ́ wá àwọn ọmọ náà lọ? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, ọmọ àǹtí mi wà nínú wọn.

ÌyáTọ́mi:
Àbúrò mi, àwọn ọmọ ni kó o kọ́kọ́ wá lọ jàre. Tèmi ti pé ọdún 9, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fún wa ní táblẹ́ẹ̀tì tó ń sọ̀rọ̀ bí òyìnbó, màmá mi tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, tíná bá sì lọ tí bátìrì kú, ọ̀rọ̀ ọmọ parí nìyẹn. Àwòrán tá a lẹ̀ mọ́ páálí la padà sí. “Mo fẹ́ jẹ, mo fẹ́ mu” ló kún inú áàpù yẹn, kò síbi tó ti lè sọ pé ariwo yìí pọ̀ jù tàbí ẹ má fọwọ́ kàn mí, kò sì síbi tó ti lè kí àgbà. O ṣáà mọ ilé wa, ọmọ tí ò kí èèyàn láàárọ̀ wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọ̀hún fẹ́ kí wọn, kò rọ́nà ni. Fi ìkíni sí i, jọ̀ọ́.

Tọ́júỌ̀rọ̀:
Ẹ má fojú di páálí o. PECS, ìyẹn ọ̀nà fífi àwòrán bèèrè nǹkan tí Andy Bondy àti Lori Frost bẹ̀rẹ̀ ní Delaware, l'Amẹ́ríkà, ní 1985, àwòrán lásán náà ni, ọmọ á mú un fún yín, ẹ̀yin á fún un ní nǹkan tó bèèrè lójú ẹsẹ̀. Àwọn òbí á sọ fún yín pé tọ́mọ bá ti ń lo ẹ̀rọ, ẹnu ẹ̀ ò ní là mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí kan, Millar, Light àti Schlosser, kó ìwádìí jọ ní 2006, nínú èèyàn 27 tí ẹ̀rí tiwọn dúró dáadáa jù, kò sẹ́nì kan tọ́rọ̀ ẹnu ẹ̀ dínkù, ti ọ̀pọ̀ wọn tún pọ̀ sí i ni. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa di ọmọ lọ́wọ́ mú tẹ nǹkan, ọ̀rọ̀ ẹni tó di ọwọ́ mú lẹ máa rí kọ sílẹ̀.

ỌmọLeeds:
Má kọ áàpù tuntun. Cboard wà, áàpù tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sọ̀rọ̀ ni, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba lọ́fẹ̀ẹ́, àwòrán ARASAAC tí ìjọba Aragón ní Sípéènì ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ náà wà. Ọ̀rọ̀ tó o máa kó sínú ẹ̀ àti bí gbogbo ilé ṣe ń lò ó nìṣẹ́ tìẹ, ìyẹn ni kó o gbé lọ bá súpáfáísọ̀. Ọmọ díẹ̀ náà tó, lo single-case design, ìyẹn ni pé kó o wo ọmọ kọ̀ọ̀kan dáadáa kí ẹ̀rọ tó dé àti lẹ́yìn tó dé. Tètè kọ̀wé sí ethics, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí tá a bá fẹ́ ṣe lórí èèyàn, ó máa ń pẹ́. Ìwé tí òbí fọwọ́ sí nìkan ò sì tó, tọ́mọ bá ti táblẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, ó ti ní òun ò ṣe nìyẹn. Kó o tún wá àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù, kí wọ́n bá ẹ yan ọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an. Ohùn ta ni kí n wá gbà sílẹ̀, ṣé ti ìyá ọmọ?

ÌyáTọ́mi:
Rárá o, wá ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀. Ṣé ohùn mi ló máa fi bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣeré ni?