Mo fọ inú fún ọjọ́ 5, oúnjẹ ọjọ́ kẹfà dá mi dùbúlẹ̀: báwo ni kí n ṣe máa jẹun báyìí?

Aránṣọ Kétu

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ Kétu ni mí, aṣọ ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ọdún 43 ni mí. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá ni mo rí i pé gbogbo búbà mi ti ń fún mi. Mo fi téèpù wọn ìbàdí mi, ó ti fi sẹ̀ǹtímítà 9 ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ọmọ àbúrò ìyá mi wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé òun ṣe détox, ìyẹn fífọ inú, ara òun sì fúyẹ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ tèmi, ọjọ́ 5 gbáko. Láàárọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Lọ́sàn-án, ìbẹ́pẹ àti kùkúḿbà tí mo lọ̀ pọ̀. Lálẹ́, àgbo ewé àsùnwọ̀n tí mo rà lọ́wọ́ obìnrin kan lọ́jà, 1500 sẹ́fà ni ìgò kan. Mi ò fi ẹ̀kọ kan ẹnu, mi ò fi ẹja kàn án.

Ní ọjọ́ kẹta, aṣọ ìyàwó wà níwájú mi, mo fẹ́ fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ojú abẹ́rẹ́ di méjì. Mo tún òwú náà lá, mo tún un nà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn tútù bò mí níwájú orí. Ọmọ iṣẹ́ mi ló gba aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ mi kí n má baà fi ẹ̀rọ gún ìka. Síbẹ̀ mo fara dà á títí ọjọ́ 5 fi pé. Mo gun òṣùwọ̀n nílé oògùn, kílò 3 ti lọ. Inú mi dùn débi pé mo pe ọkọ mi lórí fóònù láti ibẹ̀.

Ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ́n ń sọmọ lórúkọ ládùúgbò wa. Wọ́n gbé àmàlà láfún wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ tí epo léfòó lórí rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, inú rírun ti dé, èébì tẹ̀ lé e, mi ò fojú kan oorun. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ti ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá fẹ́ jẹ ẹ̀kọ, mo rántí pé wọ́n ní àwọn oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló ń mú ni sanra. Bí mo bá fẹ́ jẹ ẹyin, wọ́n ní ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Mi ò jẹun kánú, síbẹ̀ kílò 2 ti padà láàárín ọjọ́ 4.

Bí mo ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀ rèé: búrẹ́dì funfun láàárọ̀, pẹ̀lú tíì tó kún fún ṣúgà àti mílíìkì agolo. Lọ́sàn-án, tí iṣẹ́ bá pọ̀, n kì í jẹ nǹkan kan. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń jókòó ti àmàlà, ó sì máa ń pọ̀. Kí ni kí n máa jẹ báyìí lójoojúmọ́, èmi tí mò ń jókòó sídìí ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́, tí owó oúnjẹ mi kò ju 1000 sẹ́fà lọ lóòjọ́? Obìnrin alágbo ní kí n máa fọ inú lóṣooṣù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Onízém Pòbẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Èmi tí mò ń fi alùpùpù gbé èrò náà ṣe irú rẹ̀ rí, ọjọ́ 3 péré, díẹ̀ ló kù kí n gbé èrò ṣubú lójú ọ̀nà Ìfànyìn. Láti ìgbà náà, n kì í gun kẹ̀kẹ́ láìjẹun. Ẹ̀wà sísè, gàrí díẹ̀, epo pupa díẹ̀, ó ń gbé mi dé aago méjì ọ̀sán. Ẹ dúró de àwọn tó mọ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹun o.

Ìyá Àgbà, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, o kú ewu. Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn aláboyún àti àwọn ọmọ tí oúnjẹ kò kárí lára wọn ni mo ń tọ́jú. Kílò 3 yẹn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dà ọ́ lọ́kàn rú.

Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan ara wa a máa fi agbára díẹ̀ pamọ́ láti inú oúnjẹ, gíráàmù kan rẹ̀ sì ń di nǹkan bíi gíráàmù 3 omi mọ́ra. Bí oúnjẹ bá dá, ara á ná ìpamọ́ yẹn, omi rẹ̀ á bá a lọ. Ìfun náà ṣófo, àsùnwọ̀n sì tún fa omi jáde. Ìgbà tí o padà sídìí oúnjẹ, ìpamọ́ kún, omi padà sáàyè rẹ̀. Kílò 2 tó padà yìí, ara rẹ ló gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Má tìtorí rẹ̀ febi pa ara rẹ mọ́. Ti abẹ́rẹ́ tó di méjì lójú rẹ yẹn sì bà mí lẹ́rù nígbà tí mo kà á. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí o ti ń jẹun, lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.

Ní ti fífọ inú lóṣooṣù, rárá o. O ti sẹ́ ògì rí, àbí? O rí bí omi ṣe ń la aṣọ kọjá, tí èérí ń kù sókè. Iṣẹ́ tí kíndìnrín méjèèjì ń ṣe tọ̀sán-tòru nìyẹn. Nǹkan bíi lítà 180 omi ni wọ́n ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù padà sára, nǹkan bíi lítà kan àbọ̀ péré ni yóò jáde bí ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀ ń pa oró inú ohun tí a jẹ. Ìgò 1500 sẹ́fà kò lè bá wọn ṣe é. Oògùn ìgbẹ́ ni ewé àsùnwọ̀n, ó wúlò fún ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́, fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí èèyàn bá sọ ọ́ di àmumọ́ra, yóò máa kó omi àti pòtásíọ́ọ̀mù jáde, pòtásíọ́ọ̀mù yìí sì wà lára ohun tí ọkàn fi ń lù déédéé. Kí aláboyún, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu má sún mọ́ irú ebi bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oúnjẹ. Mo gbà pé epo àti ẹran lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ikùn tó ti sinmi fún ọjọ́ 5, ló ṣe ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó bá ti irú ebi bẹ́ẹ̀ bọ̀, oúnjẹ rírọ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọjọ́ 2 tàbí 3: ògì, ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹja sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìwọ ti kọjá ibẹ̀.

Láàárọ̀, ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, tàbí àkàrà bí kò bá rin fún epo. Èérí tí a yọ nínú ògì ti kó èròjà púpọ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀kọ nìkan kò tó èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣaláìtó nínú àgbàdo, ẹ̀wà ní i, èyí tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo á fún un. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi àkàrà mu ògì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣúgà inú tíì, dín in kù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Oúnjẹ ọ̀sán ni kí o má fò mọ́. Òun tí o ń fò ló ń sọ àmàlà aago mẹ́sàn-án di òkè. Jẹ ẹyin sísè kan, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 6, má sì bẹ̀rù rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Iyọ̀ ni kí o máa ṣọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́. Ṣíbí tíì kan tí o fi ọ̀bẹ gẹ orí rẹ̀ nìyẹn, màgí náà sì wà nínú ìṣirò, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí ọmọbìnrin mi kó gbogbo èyí tó fẹ́ lò sínú àwo kó tó dáná. Ọbẹ̀ èèyàn 4, ṣíbí iyọ̀ 2 ló bù, màgí 5 ló fọ́ lé e. Ó ṣe òkìtì funfun nínú àwo, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Màgí kan ni wọ́n ń lò nílé yẹn báyìí, pẹ̀lú irú (èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní afitin), edé gbígbẹ àti alùbọ́sà tó pọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọkọ rẹ̀ ráhùn.

Lálẹ́, jẹun ní aago méje. Kí ewé gba ìdajì àwo rẹ: tẹ̀tẹ̀, gbòma, ewúro, ọ̀ọ̀yọ́, ilá. Kí òkèlè má ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ rẹ lọ, kí ẹja tàbí ẹ̀wà gba àyè tó kù. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a ń jẹ teegunteegun dára fún egungun tìrẹ náà. Má se ewé pẹ́ títí yóò fi dúdú. Tí o bá sọ ọ́ kalẹ̀, fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀, ìyẹn ń jẹ́ kí ara rí irin inú ewé gbà. Tíì tí a mu ti oúnjẹ, ńṣe ló ń dí i lọ́wọ́. Èso tó bá wà nígbà rẹ̀ ni kí o rà: máńgòrò, ọsàn, gúáfà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó Allada nígbà tó bá wọ́pọ̀ lọ́jà Ouando níbí. Ewé àti èso pọ̀, gíráàmù 400 ó kéré tán lójúmọ́. Isu àti ẹ̀gẹ́ kò sí nínú ìyẹn.

Oníyán Ṣábẹ̀

Màmá Àjàṣẹ́, mo kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà isu díẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi, bí mo bá bu iyán ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ fún wọn, wọn ò ní padà wá mọ́, wọn ò sì jẹ̀bi. Ebè ni wọ́n ń kọ látàárọ̀. Aránṣọ tó jókòó yàtọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iyán ló ń ba ara jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Kétu, bí ẹran bá wọ́n, ẹ wá wàrà. Níbí, àwọn obìnrin Fúlàní ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á fi oje bọmubọmu sínú mílíìkì màlúù lórí iná, á dì, wọ́n á sẹ́ ẹ sínú agbọ̀n kékeré, àwọn mìíràn á fi èèpo ọkà bàbà pa á láró pupa. Kí ẹ má dín in. Ẹ gé e, ẹ sè é sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ewé pọ̀ nínú rẹ̀, epo tí ẹ̀gúsí ní tó o. Wàrà tí a fi ẹ̀wà sọ́yà ṣe kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń yó ni.

Ìyá Àgbà, Àjàṣẹ́

Òótọ́ ni ọmọ mi Ṣábẹ̀ sọ nípa àwọn àgbẹ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ló ń sọ ìwọ̀n òkèlè rẹ̀.

Aránṣọ Kétu

Ọjọ́ 9 rèé tí mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín. Ẹ̀kọ 100, ọ̀lẹ̀lẹ̀ 150, ẹyin 100, ọ̀gẹ̀dẹ̀ 50, 600 ló ń kù fún ọbẹ̀ alẹ́, bí mo bá sì ra tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín létí omi, ó ń ṣẹ́ kù. Mi ò tíì gun òṣùwọ̀n. Aṣọ ìyàwó yẹn ti parí, èmi ni mo ṣe ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́, lálẹ́, lábẹ́ iná, òwú ń wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun, gbogbo yín.

Ó ku ọ̀kan. Ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ máa bá mi jẹ ẹ̀wà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń kún, ojú sì ń tì í.

Ìyá Àgbà, Àjàṣẹ́

Kó rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kó da omi náà nù, kó fi omi mìíràn sè é títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, torí a ti bó o, ẹyọ kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa mu omi tó pọ̀. Ìfun rẹ̀ á mọ́ ọn lára. Sọ fún un pé mo ní kó má tijú.