Bàbá tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wa lẹ́nu: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń darí ìjíròrò ọ̀sán Sátidé ní ilé ìkàwé àdúgbò wa ní Sùúrùlérè. Ìtàn Èkó là ń sọ lọ́wọ́: bí Ọba Dòsùnmú ṣe tọwọ́ bọ ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì lóṣù kẹjọ ọdún 1861. Bàbá kan wà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ìmọ̀ wọn jinlẹ̀ lóòótọ́ (mo fẹ́ràn wọn gan-an), ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gba máìkì, ó di ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kú. Àwọn ọ̀dọ́ á wá máa tẹ fóònù, àwọn mìíràn á yọ́ jáde. Ta ni yóò sọ fún àgbà pé kó jókòó? Ṣé kí n pín wa sí ọ̀wọ́ kéékèèké ni, àbí kí n fi bàbá ṣe alága?