Próbéètì kì í ṣe ìwé ìhágún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka èsì tó wọlé lórí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa tó ń tọpa ìran bàbá ìyá wọn, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé ilé ẹjọ́ àtijọ́. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí a lè pe próbéètì ("probate", àṣẹ tí ilé ẹjọ́ ń fún ìwé ìhágún) ní Yorùbá, kí wọ́n lè kọ ìtàn ìdílé náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹnìkan ní "ìwé ìhágún" ti tó. Ẹlòmíràn mú "ìfọwọ́sí ìhágún" wá. Ẹnì kẹta ní kí a máa pe executor, ìyẹn ẹni tí olóògbé yàn láti pín ogún rẹ̀, ní "àrólé". Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ olóògbé ló wà nínú ìwé ìhágún. Ti ilé ẹjọ́ ni próbéètì: ẹni tí olóògbé fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ gbé ìwé náà lọ, ó búra, ilé ẹjọ́ gbà pé ojúlówó ni, wọ́n sì fún un láṣẹ láti pín ẹrù. Ẹ wo ìwé ìhágún William Shakespeare, òǹkọ̀wé eré Gẹ̀ẹ́sì, tó wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1616 ló wà lórí rẹ̀. Oṣù Kẹrin ló kú. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ni John Hall, ọkọ ọmọ rẹ̀ Susanna, gba àṣẹ ilé ẹjọ́. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní ìwé ìhágún, èwo nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ẹ̀gbọ́n máa kọ? Mo ti rí ìtàn ìdílé tí wọ́n ti kọ ọjọ́ próbéètì bí ọjọ́ ikú, tí ìdarúdàpọ̀ sì bá gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

"Ìfọwọ́sí" pàápàá kò tó. Shakespeare fọwọ́ sí ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ẹlẹ́rìí náà fọwọ́ sí i, kí ilé ẹjọ́ tó dá sí i rárá. Ohun tí mo fi lélẹ̀ ni "ìfòǹtẹ̀lù ìhágún". Òǹtẹ̀ ló ń sọ fúnni pé aláṣẹ ti dá sí ọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀dà tí ilé ẹjọ́ kọ sínú ìwé ńlá wọn, ẹ wá ọ̀rọ̀ ìfòǹtẹ̀lù náà ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ olóògbé: èdè Látìn ni wọ́n ń fi kọ ọ́ títí di 1733, yàtọ̀ sí ìgbà ìjọba Cromwell, nígbà tí England kò ní ọba, "Probatum" ("a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀") ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe kọ "ilé ẹjọ́ gíga" o. Kó tó di ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1858, ìjọ ló ń fòǹtẹ̀ lu ìhágún ní England àti Wales. Bí ẹrù olóògbé bá tó pọ́n-ùn 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù tó ju ọ̀kan lọ, ilé ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury tàbí ti York ló ni ín. "Ilé ẹjọ́ ìjọ" ti tó.

Àrólé ló bí mi nínú jù. Àrólé ló ń dúró nípò bàbá nínú ilé. Executor lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò tí kò ní gba kọ́bọ̀ nínú ogún. Àrólé gan-an, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, lè má sí nínú ìwé rárá, torí pé òfin ìgbà náà ti fún un ní ilẹ̀, tàbí bàbá ti fún un ní tirẹ̀ ṣáájú. Àwọn tó ń wá ìran á rí i pé orúkọ rẹ̀ kò sí, wọ́n á ní bàbá kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí executor máa jẹ́ "amúṣẹ ìhágún".

Ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí tún le ju ìyẹn lọ. Shakespeare pe Elizabeth Hall ní "niece" (lónìí, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni), bẹ́ẹ̀ ọmọ Susanna ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀ pátápátá. Ó pe John Hall ní "son-in-law", àna ni lóòótọ́. Àmọ́ nínú ìwé ẹlòmíràn láyé ìgbà náà, "son-in-law" lè jẹ́ ọmọ tí ìyàwó bí fún ọkọ àtijọ́ kó tó wọlé. "Cousin" ń bẹ níbẹ̀ tó kàn túmọ̀ sí ẹbí. Nítorí náà, ẹ kọ "ìbátan" kí ẹ tó rí ẹ̀rí míì. Ẹ má tètè pe ẹnikẹ́ni ní àna.

Àti "effects", ọ̀rọ̀ tó ń bá iye ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ rìn, tí ẹnìkan túmọ̀ sí "dúkìá" nínú ìwé àkójọ ìfòǹtẹ̀lù ọdọọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti 1858. Bí èèyàn bá ní dúkìá láàárín wa, ilé àti ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn. Kó tó di 1898, ilẹ̀ kò sí nínú iye yẹn. Ẹni tí wọ́n kọ pọ́n-ùn 100 sí lè ní oko rẹpẹtẹ. "Ẹrù" ni kí a pè é.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní "admon" (ìkékúrú "administration") ni wọ́n kọ sára ti yín. Ìyẹn kì í ṣe ìfòǹtẹ̀lù. Ẹni tó kú kò ṣe ìhágún, ilé ẹjọ́ wá fún opó tàbí ẹbí rẹ̀ ní "ìwé àṣẹ àbójútó ogún". Ẹ má wá ìwé ìhágún kiri lórí rẹ̀, àfi bí wọ́n bá kọ "with will annexed" mọ́ ọn: ìyẹn ni pé ìhágún wà, àmọ́ kò sí amúṣẹ tó lè ṣiṣẹ́ náà, bóyá ó ti kú tàbí ó kọ̀. Ẹ fi ìlà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa bó ṣe wà gan-an, ká jọ wò ó.