Ìmọ̀ràn: Ṣé kí n gba owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan, àbí kí n di ìpín mi nínú orin fíìmù mú?

Onídùùrù_Òru
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ṣe orin sí fíìmù kan, orin 14 gbáko. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo tẹ dùùrù rẹ̀, inú yàrá mi náà ni mo ti gbà á sílẹ̀. Onífíìmù wá gbé ìwé àdéhùn méjì síwájú mi. Ti àkọ́kọ́, owó gọbọi, ṣùgbọ́n n kò ní gba nǹkan kan mọ́ lórí orin náà títí ayé. Ti ìkejì, owó náà kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́, àmọ́ ìpín mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo nílò owó báyìí, n kò ní parọ́. Èwo ni kí n mú? Ẹgbẹ́ agbowó-ẹ̀tọ́ wo ni kí n sì wọ̀?

ÌyáOrin
Àbúrò, má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Owó méjì ló wà nínú orin fíìmù, àwọn onífíìmù a sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Èyí tí wọ́n ń san kí wọ́n tó lẹ orin mọ́ àwòrán là ń pè ní sync. Wọ́n san án, ó tán. Ìkejì ni èyí tó ń wọlé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé fíìmù náà sórí tẹlifíṣọ̀n tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe onífíìmù ló ń san ìyẹn o. Iléeṣẹ́ tó gbé e jáde ló ń san án fún ẹgbẹ́ agbowó-ẹ̀tọ́, ẹgbẹ́ á wá pín in: ìdajì fún ẹni tó kọ orin, ìdajì fún publisher, ìyẹn ẹni tàbí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin náà. Ṣé o rí i? Owó tí kò ní ti àpò onífíìmù jáde ló ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má gbà. Bó bá ń fẹ́ ìpín publisher, ẹ lè jọ dúnàádúrà. Ìpín ẹni tó kọ orin, má fi ṣeré.

Ṣùgbọ́n asán ni gbogbo rẹ̀ bí kò bá sí cue sheet, ìwé tí a ti ń to gbogbo orin inú fíìmù lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni wọ́n. Ó ti jẹ mí níyà rí. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń gbé fíìmù kan tí mo ṣe orin sí lórí tẹlifíṣọ̀n, kẹ́kẹ́ pa mọ́ àkàǹtì mi lẹ́nu. Ìgbà tí mo wádìí, àṣé ẹnì kan ló da orúkọ fáìlì mi kọ síbẹ̀ bó ṣe bá a: "orin7_tuntun_àṣekẹ́yìn_2". Orúkọ tí mo fi orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Owó wà nílẹ̀, kò mọ olówó rẹ̀.

Bó ṣe yẹ kí ìlà kan rí nìyí:

*Ìrọ̀lẹ́ létí odò | 1:42 | orin abẹ́lẹ̀, kò lóhùn | orúkọ rẹ, ìpín rẹ, nọ́ńbà IPI rẹ, ẹgbẹ́ rẹ | orúkọ publisher*

(IPI ni nọ́ńbà tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń dá ẹni tó kọ orin mọ̀.) Ìwọ fúnra rẹ ni kí o kọ cue sheet náà, má dúró dè wọ́n.

Alátakò_Jẹ́jẹ́
Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá Orin, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í níbi tí fíìmù ọ̀hún ń lọ. Ilé sinimá ní Amẹ́ríkà kì í san owó yìí rárá. Láti 1948 ni ilé ẹjọ́ ti dá àwọn onísinimá láre lórí ASCAP, ẹgbẹ́ agbowó-ẹ̀tọ́ kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń yọ ọ́ lára owó tíkẹ́ẹ̀tì. Fíìmù tí kò bá kúrò ní sinimá Amẹ́ríkà, ìpín inú rẹ̀, ìpín òfo ni. Kí ó tún mọ̀ pé owó náà ń falẹ̀: oṣù 6 sí 9 kì í ṣe tuntun, ti òkè òkun lè ju ọdún kan lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba owó ẹ̀ẹ̀kan. Ti àkọ́kọ́ kò dùn mí, ẹnikẹ́ni kò wo fíìmù yẹn. Ti ìkejì, ẹ má bi mí.

Onídùùrù_Òru
Ẹ ṣé gan-an. Ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní ó ń lọ, àti tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan.

Ọmọ_Máàstà
Ó ti yé mi ìdí tí owó àkọ́kọ́ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìkànnì yìí ló jẹ́ kí àdéhùn gbà-á-kí-o-máa-lọ gbilẹ̀, débi pé lọ́dún 2019 àwọn tó ń kọ orin fíìmù dá ìpolongo Your Music, Your Future sílẹ̀ láti la ara wọn lójú. Wo inú ìwé náà dáadáa bóyá wọ́n kọ "work for hire" síbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, tiwọn ni orin náà lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ìpín rẹ lè dúró bí wọ́n bá kọ ọ́ ní kedere. Ìwọ lo tún gbà á sílẹ̀, torí náà máàstà náà, ìyẹn ohùn tí o gbà sílẹ̀ gan-an, níye lórí lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó orin náà jọ sínú àwo, owó mìíràn nìyẹn.

Ní ti ẹgbẹ́, o kò lè wà nínú ASCAP àti BMI, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà méjèèjì, pa pọ̀. PRS wà ní Bìrìtìkó, GEMA ní Jámánì, SACEM ní Faransé. Èyí tó bá sún mọ́ ọ ni kí o mú, wọ́n ní àdéhùn láàrin ara wọn, wọ́n á bá ọ gbà á lọ́dọ̀ àwọn yòókù. (Ìtàn SACEM máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1847, Ernest Bourget jókòó sílé ìgbafẹ́ kan ní Paris, wọ́n ń kọ orin rẹ̀. Wọ́n gbé owó ohun tó mu tọ̀ ọ́ wá, ó ní òun kò san: wọ́n ń lo orin òun lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà mu tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ dá a láre, nígbà tó di 1851, SACEM ti dúró.)

Onídùùrù_Òru
Mo ti fèsì fún wọn. Ìwé kejì ni mo mú, mo ní bí wọ́n bá ń fẹ́ ìpín publisher, kí wọ́n fi owó kún un. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá fún mi lésì. Cue sheet ni mo ń kọ báyìí. Ìyá Orin, ẹ jọ̀ọ́: fóònù kan dún nínú fíìmù náà, èmi ni mo ṣe ohùn tó ń dún yẹn, ìṣẹ́jú-àáyá 9 péré. Ṣé ó wọ̀ ọ́?

ÌyáOrin
Ó wọ̀ ọ́ kẹ̀! Kì í ṣe orin abẹ́lẹ̀ o, òṣèré gbọ́ ọ, ó sì gbé fóònù. Fún un ní ìlà tirẹ̀, kọ "source", 0:09. Kí o sì tún ìwé àdéhùn náà ṣe: orin 15 lo ṣe fún wọn, kì í ṣe 14.