Pọ́nna kọ́, awo kọ́: kí la ó pe àwòrán tí kò sọ tán?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó.

Ohun tí wọ́n bi wá ni pé ọ̀rọ̀ wo la ó máa lò fún ohun tó wà nínú àwòrán tàbí ère tí a wò, tí a kò lè la ẹnu sọ pé báyìí ló jẹ́, tí àìlèsọ yẹn gan-an sì ń ta oníṣẹ́ ọnà mìíràn jí. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká lo pọ́nna, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Àǹtí kan ní awo ló yẹ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Pọ́nna ti ríṣẹ́ nínú gírámà, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lọ. Bí mo bá ní "ọmọ ọ̀gá mi tó ń gbé Ìbàdàn", ẹ ó bi mí pé ta ló ń gbé Ìbàdàn nínú àwọn méjèèjì. Mo dáhùn, ó parí. Ṣé ère ń parí bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo àwọn orí idẹ àti bàbà tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníje, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ní 1938. Ilà tín-ín-rín bo ojú àwọn kan láti iwájú orí dé àgbọ̀n; ojú àwọn mìíràn ń dán gbinrin. Ihò wẹ́wẹ́ yí ẹnu àwọn kan ká. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ilà ojú lásán ni, àwọn onímọ̀ mìíràn sọ pé òjìji ìlẹ̀kẹ̀ tó rọ̀ wálẹ̀ láti ara adé ni. Ihò ńkọ́? Wọ́n ní irùngbọ̀n ni wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n tún ní ìlẹ̀kẹ̀ tó bo ẹnu ọba ni.

Àǹtí, èyí kì í ṣe awo. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Ẹnìkan mọ̀ ọ́n, kò kàn ní sọ ni, bí ẹ̀dan lọ́wọ́ Ògbóni. Ẹni tó mọ ìdí ilà wọ̀nyẹn ti kú lọ. Àdììtú ni èmi ń pè é: a di í, kò ṣeé tú.

Ṣùgbọ́n àdììtú kò bá Mona Lisa mu, àwòrán obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Leonardo da Vinci, ará Ítálì tó yà á, fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra wọn ní igun ẹnu rẹ̀ títí a kò fi mọ ibi tí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Irú èyí ni mo fẹ́ ká máa pè ní àwòtúnwò, bí a ṣe ń sọ àsọtúnsọ.

Ẹnìkan á ní àsọtúnsọ ń súni. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwòrán tó bá ti súni, ta ló ń padà wò ó?

Mo ti ń gbé e sínú gbólóhùn láti àárọ̀. "Àwòtúnwò pọ̀ nínú ère yìí": ó dùn létí mi. "Agbẹ́gilére yìí mọ àwòtúnwò ṣe": ó ṣì ń há díẹ̀. Ẹ bá mi gbọ́ ọ wò.